Yàrá Mẹ́rìndínlógún, Ààbọ̀ Bẹ́ẹ̀dì

Arìnjẹ́jẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì ti fi àmì sí i lórí dáadáa kí o má baà ṣì mí gbọ́. Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ ní àárọ̀, mo kí ọ kú àárọ̀, bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni, mo kí ọ kú ìrọ̀lẹ́, bó bá sì jẹ́ pé orí ìdúró lo ti ń kà á, jọ̀wọ́ kọ́kọ́ wá ibì kan jókòó sí. Ẹlẹ́dàá tó fún ọ ní ẹsẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà kọṣẹ́ fún ọ. Orí rẹ yóò máa ṣọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn tí ò ń gùn àti èyí tí ò ń sọ̀. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí n sọ pé ara òun le, ṣùgbọ́n kí n má ka eékún mọ́ ọn, eékún ti ya ìpín tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà tí mo ti mú bírò sọ́wọ́. Lẹ́ẹ̀kan, mo lọ wò ó bóyá gọ́ọ̀mù ti gbẹ. Lẹ́ẹ̀kejì, mo lọ ti ilẹ̀kùn tí kò ṣí. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo kàn dìde ṣá ni. Ìyá rẹ ní bí mo bá tún dìde, òun yóò kan ìdí mi mọ́ àga, pé òun mọ ibi tí mo ń kó ìṣó sí. Ara mi kò balẹ̀, ọmọ mi, bó ṣe ń ṣe mí láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá nìyẹn, wàá sì gbọ́ ìdí rẹ̀ bí mo bá lè jókòó pẹ́ tó láti kọ ọ́.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Adìyẹ ìyá rẹ tó sọnù ti padà, ọmọ méje ló kó bọ̀, a kò bi í léèrè ibi tó lọ. Awakọ̀ tó ń bá mi kó pákó ti pààrọ̀ táyà méjì, ó wá ku mẹ́rin tí a ó máa gbàdúrà fún. Èmi náà ń bá iṣẹ́ káfíńtà mi lọ, ayùn mi máa ń jí kí àkùkọ tó jí, àga mẹ́fà ni mo kàn lóṣù tó kọjá, àwọn mẹ́rin nínú àwọn tó gbé wọn lọ sọ pé owó ń bọ̀ lọ́nà, mo sì gbà pé ó ń bọ̀, ọ̀nà ló jìn. Ìyá rẹ ṣì ń fọ aṣọ fún àwọn tíṣà. Kò sí ẹni tó jókòó lásán nínú ilé yìí, adìyẹ nìkan ló rí àyè lọ sinmi.

Wàyí o. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń yí po láti òkè wá, jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n sì ráyè mí. Mo wá sọ́dọ̀ rẹ. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo dé yàrá rẹ, mo dé ibi iṣẹ́ rẹ, mo rí ọ, ìwọ kò rí mi, mo sì padà sílé. Ẹni tí ẹ jọ ń gbé mọ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo ní kó má sọ fún ọ, nítorí náà má bá a jà. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

O mọ̀ pé mo ti dàgbà kí n tó mọ̀wé. Tíṣà wa nílé ẹ̀kọ́ àgbà kì í fi àmì ohùn ṣeré rárá. Ó ní ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì lórí dà bí ilẹ̀kùn tí a kò kàn mọ́ férémù, ẹnikẹ́ni lè gbé e lọ síbi tó wù ú. Ó máa ń fi igi kan ojú pátákó, ó á ní igba, ó á ní igbá, ó á ní ìgbà, àwa tí a ti lé lọ́gọ́ta ọdún á máa ké tẹ̀lé e bí ọmọ ẹyẹ. Fóònù tí o wá rà fún mi kò gbọ́ nípa gbogbo èyí. Ojú rẹ̀ kéré, ó sì jọ pé kò lọ sílé ẹ̀kọ́ kankan. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí o bá fi ránṣẹ́ ló máa ń dé ní ìhòòhò. Nítorí náà, mo máa ń dà á kọ sínú ìwé, kí fóònù má baà gbàgbé, lẹ́yìn náà ni màá wá mú bírò pupa, màá máa wọ aṣọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lóṣù tó kọjá tí a ń retí rẹ, ìyá rẹ ti gbá yàrá rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí fóònù tó dún. Ọ̀rọ̀ rẹ nìyí, bí mo ṣe dà á kọ: Baba e ma binu, n ko le wa. Ise ni ko je. Mo wa lenu ise tosan toru. Mo mú bírò pupa. Bàbá ẹ má bínú kò le, mo wọ aṣọ fún un kíá. Mo wá dé orí ise, ọwọ́ mi bá dúró. Ṣé iṣẹ́ ni, àbí ìṣẹ́? Èwo nínú méjèèjì ni kò jẹ́ kí ọmọ mi wálé? Kò sí èyí tí kò lè ṣe é nínú wọn. Èwo sì ni ẹnu rẹ̀ gbòòrò tó báyìí tí ọmọ mi fi wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru? Mo rò ó títí. Iṣẹ́ a máa jẹ́ kéèyàn lọ sílé tó bá di ìrọ̀lẹ́, ìṣẹ́ ni kì í jẹ́. Mo bá fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ sí i, mo kà á sókè, ìyá rẹ jókòó sílẹ̀ gbì.

A pè ọ́, obìnrin kan ló dáhùn, ó ní ẹni tí a ń pè kò sí nítòsí. Mo kí i, mo bi í pé níbo lo wá lọ, ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Mo ní ó dáa, kó bá mi jíṣẹ́ fún ọ bí o bá dé, ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Kò ní sùúrù púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò lè purọ́ mọ́ ọn, kò bú mi. Ìyá rẹ fẹ́ mọ obìnrin tó ń di fóònù ọmọ òun mú láti àárọ̀ dalẹ́. Ni mo bá jókòó, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, mo tẹ ọ̀rọ̀ tèmi náà ránṣẹ́: Se ise ni abi ise? Ọjọ́ kejì ni o tó dáhùn. O ní: Ise ni baba.

Mo bá ara mi wí. Àṣé fóònù tèmi náà, ìhòòhò ló wà.

Ohun tó wá dàrú mọ́ mi lójú jù ni pé ìwọ yìí kan náà lo kọ̀wé lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òtẹ́ẹ̀lì gbà ọ́ sí iṣẹ́, pé: Baba, yara merindinlogun ni temi lojumo. Èyí kò tilẹ̀ nílò bírò pupa, ó yé mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yàrá mẹ́rìndínlógún! Mo sọ fún awakọ̀ pákó, awakọ̀ pákó sì sọ ọ́ ní gbogbo ibi tí táyà rẹ̀ dé. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti pè mí ní káfíńtà mọ́, Bàbá Onílé ni wọ́n ń pè mí. Àwọn tó jẹ mí lówó àga kò wá yọjú mọ́, wọ́n ní kí ni Bàbá Onílé fẹ́ fi owó àga ṣe. Ènìyàn mọ́kànlá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ pé àwọn ń bọ̀ wá sùn sọ́dọ̀ rẹ, mo ti pín yàrá mẹ́sàn-án fún wọn, mo fi méje sílẹ̀ fún ọ kí o lè rí ibi na ẹsẹ̀. Èmi náà sì rò ó lọ́kàn ara mi pé bí ẹni tó ní yàrá tó báyẹn bá délé, tó wá bá òrùlé tó ń jò, ojú yóò tì í láàrin ẹgbẹ́. Ìdí rèé tí mo fi ń kọ̀wé lóṣooṣù pé kí o fi owó páànù ránṣẹ́, kí n lè kọ́ pálọ̀ tí yóò yẹ ọ́.

Ẹni tó ní yàrá mẹ́rìndínlógún, ilẹ̀kùn wo ni ìṣẹ́ gbà wọlé tọ̀ ọ́? Ìyá rẹ ní bóyá ìṣẹ́ ló háyà ọ̀kan nínú wọn. Mo ní kó má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣàwàdà. N kò lè jókòó, n kò lè dúró, gbogbo ìṣó tí mo bá kàn ló ń tẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo gun ọkọ̀ pákó, mo jókòó sáàárín pákó àti awakọ̀, àwa méjèèjì ń gbàdúrà fún táyà.

Àdírẹ́sì rẹ wà lára páálí tí o fi fóònù ránṣẹ́ sí mi. Awakọ̀ já mi sílẹ̀ lẹ́nu àdúgbò rẹ láàárọ̀, ó ní bí aago méjì bá lù tí òun kò bá mi níbẹ̀, òun kò ní dúró. Mo wọ ilé náà. Àtẹ̀gùn rẹ̀ kò ní ibi tí èèyàn lè dì mú, káfíńtà tó sì gbé ilẹ̀kùn ibẹ̀ kọ́ ní ẹjọ́ tí yóò rò níwájú Ọlọ́run. Mo rí bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ti gbogbo wọn mọ́ irin, mo ní ìlú yìí mà lówó o, bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn pàápàá ní kọ́kọ́rọ́. Mo kan ilẹ̀kùn tìrẹ, kò sí ìdáhùn, ó sì ṣí bí mo ṣe fọwọ́ tì í.

Mo wọlé. Mo rò pé èyí ni àkọ́kọ́ nínú mẹ́rìndínlógún, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀kùn tó lọ sí èkejì. Mo ṣí ohun kan tó jọ ilẹ̀kùn, páálí tí ò ń kó aṣọ sí ni. Mo wo ẹ̀yìn kọ́tìnì, ògiri ni. Ẹnì kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi aṣọ borí. Mo ní ọmọ mi rèé, ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo rọra jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, mo gbàdúrà fún ọkọ rere, mo gbàdúrà fún eyín rẹ tó máa ń dùn ọ́, mo ti wọ orí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́ kí aṣọ náà tó ṣí lójú, tí obìnrin kan tí n kò rí rí ṣe àmín, tó sì bi mí pé ta ni mí.

Báyìí ni mo ṣe mọ ẹni tí ẹ jọ ni bẹ́ẹ̀dì. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa nígbà tó gbọ́ pé èmi ni bàbá rẹ, ó da ojú bọ́kẹ́ẹ̀tì dé kí n lè rí nǹkan jókòó lé, ó fún mi ní omi gbígbóná pẹ̀lú ewé tíì kan tó ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan tẹ́lẹ̀. Ó ní ilé ìwòsàn lòun ń ṣiṣẹ́, lálẹ́, pé òun ló ń wẹ àwọn aláìsàn, tó sì ń yí wọn padà. Ó ní ẹ̀yin méjèèjì lẹ dá owó yàrá náà, bẹ́ẹ̀dì kan ló gbà, ìwọ lo ni ín lóru, òun ló ni ín lọ́sàn-án, ẹnu ọ̀nà lẹ ti máa ń pàdé. Ó ní bẹ́ẹ̀dì náà kì í ráyè tutù. Mo bi í pé lọ́jọ́ ìsinmi rẹ ńkọ́. Ó ní lọ́jọ́ ìsinmi, orí ilẹ̀ lo máa ń dùbúlẹ̀ sí títí òun á fi jí. Mo na ọwọ́, mo tẹ fóòmù yẹn. Ó ti pẹlẹbẹ bíi búrẹ́dì tí èèyàn jókòó lé. Ọwọ́ mi kan pákó, mo sì mọ pákó bí mo bá fọwọ́ kàn án.

Mo ní ẹ jọ̀ọ́, yàrá mẹ́rìndínlógún wá dà. Ó kọ́kọ́ wò mí, ó wá ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún aláìsàn. Ó ní kì í ṣe pé o ni wọ́n. Ó ní iye tí o gbọ́dọ̀ tún ṣe kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú ni, kí o ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kí o tẹ́ òmíràn láìsí ìhunjọ kan lójú rẹ̀, kí o fọ ilé ìwẹ̀ títí yóò fi máa dán, kí o sì bọ́ sí òmíràn. Bó bá ku ọ̀kan, wọn á yọ nínú owó rẹ. Bí o bá ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, wọn á yọ níbẹ̀ náà. Mo bi í pé àwọn wo ni wọ́n tí ń yọ yìí. Ó ní òun kò rí wọn rí, ṣùgbọ́n àwọn kan náà ń yọ tòun ní ilé ìwòsàn.

Mo yọ ìwé mi lápò, mo fi ọ̀rọ̀ rẹ hàn án pẹ̀lú àmì pupa lórí rẹ̀. Ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ó ní bàbá, iṣẹ́ lọmọ yín kọ o, pé ẹnu ọ̀nà yìí lo wà tí o ń tẹ̀ ẹ́ lójú òun. Ara mi balẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún ìwé náà kà, ó rọra dá a padà fún mi. Ó ní, ṣùgbọ́n bàbá, ẹ kò ṣì í kà.

Mo ní ìwọ ọmọ mi kò sọ fún wa. Ó ní o sọ. Ó ní nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lo kọ̀wé sí mi pé o ń tọ́jú owó foomu, pé kí n fún ọ ní oṣù méjì péré, wàá tún máa fi owó páànù ránṣẹ́ padà. Mo rántí, ọmọ mi. Mo rántí ọjọ́ tí mo da ọ̀rọ̀ náà kọ. Mo wọ aṣọ fún un, ṣùgbọ́n aṣọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni mo wọ̀ fún un. Fọ́ọ̀mù ni mo pè é. Mo rò pé fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ orúkọ sí ni, bóyá ti ìdánwò, bóyá ti ẹgbẹ́ kan. Mo sì dá ọ lóhùn pé kí foomu ṣì dúró di ọdún tó ń bọ̀, ìwé kì í sá, òjò ni kì í dúró de ẹnikẹ́ni. O kò jiyàn. O fi owó páànù ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà, èyí tí eṣinṣin lè gbé lọ, òun ni mo fi gba fóòmù lábẹ́ ẹ̀yìn ọmọ mi. Mo jókòó lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, ojú tì mí, ojú tì mí gan-an ni.

Nígbà tí n kò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe, mo yọ téèpù mi. Mo wọn àyè tó wà láti abẹ́ fèrèsé dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù ba ọmọ ọlọ́mọ, ó bi mí pé ta ló kú, ó ní níbi iṣẹ́ tòun, bí káfíńtà bá ti yọ téèpù, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Mo ní kò sí ẹni tó kú. Ẹsẹ̀ bàtà méjì àti ààbọ̀ ní fífẹ̀, mẹ́fà ó dín díẹ̀ ní gígùn. Mo kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo ní kó padà sùn, àsìkò tirẹ̀ ni mo ń jẹ.

Mo wá lọ sí òtẹ́ẹ̀lì rẹ, bó ṣe júwe rẹ̀ fún mi. Ọkùnrin kan tó dé fìlà wà lẹ́nu géètì, ó bi mí bóyá àlejò ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àárọ̀ yìí ni mo dé. Ó kí mi bí ẹní kí ọba. Ilẹ̀kùn gíláàsì ibẹ̀ ṣí kí n tó fọwọ́ kàn án, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn tábìlì gíga fún mi ní fọ́ọ̀mù, fọ́ọ̀mù tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo kọ orúkọ mi. Wọ́n béèrè iye alẹ́ tí mo fẹ́ sùn, mo kọ ọ́ pé aago méjì ni ọkọ̀ mi ń lọ. Wọ́n béèrè ohun tó gbé mi wá, mo kọ ìṣẹ́. Ọmọbìnrin náà kà á, ó ní irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní kó wo àmì.

Ó sọ iye tí wọ́n ń gbà lórí bẹ́ẹ̀dì kan fún alẹ́ kan. Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ, kò dín. Ó ju owó àga mẹ́fà mi lọ, ká tilẹ̀ ní gbogbo wọn san. Mo bi í pé ṣé ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà máa ń rí nǹkan gbà nínú rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi. Mo ní ọmọ mi ni mo wá wò, ó bá pe ọ̀gá yín. Ọ̀gá yín kò fi mí wọ́lẹ̀, n kò ní purọ́. Ó ní àṣẹ ni, pé àfi bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òkú, àwọn kì í pe òṣìṣẹ́ sọ̀kalẹ̀. Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n fi ọ̀nà yẹn rí ọ. Nígbà tó yí padà, mo rí i pé gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ti jẹ tán, ó fi nǹkan dúdú kùn ún. Ọ̀gá ni wọ́n pè é o.

Mo gba ẹ̀yìn ilé lọ. Ọgbà irin ló wà níbi tí wọ́n ń sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo ibẹ̀ funfun. Mo sì rí ọ. O gbé ìdì aṣọ tó ga ju orí rẹ lọ, o sì ń sáré. Ìwọ, tí a sọ ní Arìnjẹ́jẹ́, tí òjò máa ń pa délé nítorí pé o kò lè kánjú, tí ìyá rẹ máa ń ní ilẹ̀ ni ọmọ yìí ń kí bó bá ń lọ. Láti ọjọ́ tí a ti bí ọ, n kò rí ọ kí o sáré rí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lo jáde lójú mi, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin lo ń sáré. Mo la ẹnu láti pè ọ́, mo rántí pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀, wọn á yọ nínú owó rẹ̀, mo pa ẹnu mi dé. Èmi bàbá rẹ, mo di irin mú bí ẹlẹ́wọ̀n, mo dákẹ́. Nígbà kan, o dúró, o fi ọwọ́ ti ìbàdí, o wo apá ibi tí mo wà, mo rò pé o ti rí mi. Afẹ́fẹ́ gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan sókè láàrin wa. Nígbà tó fi máa wálẹ̀, o ti sá wọlé.

Mo tún dìde. Mo ti padà jókòó. Ìyá rẹ kò mẹ́nu ba ìṣó lọ́tẹ̀ yìí, ó kàn gbé omi fún mi.

Nígbà tí mo délé, àwọn ará àdúgbò péjọ, wọ́n ní báwo ni yàrá mẹ́rìndínlógún. Mo ní mo dé ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo sọ fún àwọn mọ́kànlá pé ilé ti kún. Mo fẹ́ kọ ọ́ sí ọ pé máa bọ̀ wálé, mo tilẹ̀ ti kọ ọ́, mo tún fà á rẹ́, wàá rí ibi tí bírò ti ya ìwé. Nítorí pé bí o bá délé, kí ni mo ní tí n ó fi lé ọ lọ́wọ́? Ayùn ni, àti àga tí owó rẹ̀ wà lọ́nà. Ohun tó wà lọ́dọ̀ rẹ ló wà lọ́dọ̀ wa, ti ọ̀dọ̀ rẹ kàn ń sáré ni. Àwọn òbí mi kọ́ mi pé ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́, èmi náà fi kọ́ ọ, mo tilẹ̀ nà ọ́ lórí ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ kan tí o kò tètè jí. N kò mọ ẹni tí mo lè tọ̀ lọ láti bi í pé kí ló ṣe ọ̀rọ̀ náà. Inú ń bí mi, mo sì ń wá ẹni tí n ó bínú sí, bàtà tó jẹ ní gìgísẹ̀ nìkan ni mo ń rí.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo tú páànù pálọ̀, mo tà á. Pálọ̀ wa ń wo ojú ọ̀run báyìí, ìyá rẹ ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára. Mo fi owó rẹ̀ ra pákó tó le, mo kan bẹ́ẹ̀dì kan, ẹsẹ̀ bàtà méjì àti ààbọ̀ ní fífẹ̀, kò ní dún bí èèyàn bá yí ara padà lórí rẹ̀. Mo ti tú u palẹ̀, mo kọ nọ́ńbà sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, awakọ̀ pákó yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ ní Ọjọ́rú. Abẹ́ fèrèsé ni kí o gbé e sí. Owó páànù kò ju pákó lọ, kò kan fóòmù.

Mo wá dé ibi tí mo máa ń dé nínú gbogbo lẹ́tà mi. Owó ni mo fẹ́. Mo mọ irú ọmọ tí mo bí, bí mo bá ní kí o ra fóòmù fún ara rẹ, wàá ní ó di oṣù tó ń bọ̀, wàá sì fi owó náà ránṣẹ́ sílé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí o ti ń gba owó oṣù, o kò kọ ìbéèrè mi rí, ara rẹ lo máa ń kọ̀ fún. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀dì yìí, tèmi ni. Mo ti kọ orúkọ mi sí abẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo ń béèrè, mo sì ń béèrè owó tó tóbi ju gbogbo èyí tí mo ti béèrè rí lọ, ti oṣù yìí, ti oṣù tó ń bọ̀, àti ti oṣù tó tẹ̀ lé e bí kò bá tó. Má fi ẹyọ kan ránṣẹ́ síbí. Fi ra fóòmù fún bẹ́ẹ̀dì mi, kó nípọn débi pé bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi kò ní kan pákó. Fi rìsíìtì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, nínú ìwé o, má fi sínú fóònù. Ọmọ ọlọ́mọ yẹn náà yóò wá ní odindi bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, tirẹ̀ náà yóò ráyè tutù.

Ọwọ́ tí ò ń fi tẹ́ ibùsùn fún ẹlòmíràn kò ní wá ibùsùn tì. Òógùn rẹ kò ní di omi tí wọ́n dà sílẹ̀. Ẹni tó ń yọ nínú tìrẹ, Ẹlẹ́dàá yóò rí i fún ọ, níwọ̀n bí àwa kò ti rí i. Ọjọ́ ń bọ̀ tí wàá rin ìrìn jẹ́jẹ́ rẹ, tí ẹnikẹ́ni kò ní bi ọ́ pé kí ló dé. Bí mo bá ní owó, n kò ní máa gbàdúrà gígùn báyìí.

N kò tíì mọ ìgbà tí n ó lè wá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mi, táyà ń bẹ, eékún ìyá rẹ sì ń bẹ. Títí n ó fi dé, kò dára kó wà lófìfo, eku á sọ ọ́ di ilé. Bá mi máa sùn lé e lórí, lálaalẹ́, àti lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi. Máa sùn sí àárín rẹ̀ gan-an, má rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sí ẹni tí ò ń fi àyè sílẹ̀ dè.

Èmi ni bàbá rẹ,
tó ni bẹ́ẹ̀dì.